Ẹ̀gbọ́n Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Dìde: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Àgbà tí Wọ́n Wà ní Ìjà pẹ̀lú Ọmọ Ìyá Wọn

Láàárín ọ̀rọ̀ ìtọ́jú kòkó àti ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ara tí ẹ ń rí nínú ìwé yìí, mo bẹ̀ yín kí ẹ gbà mí láàyè láti bá àwọn àgbà sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó kan oko tí ó sì kan ara pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọmọ ìyá méjì, tàbí ọmọ bàbá méjì, tí wọ́n ti di arúgbó, tí wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sí ìjọ tí a kò ti lè rí irú wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀kan yóò jókòó ní apá ọ̀tún, èkejì ní apá òsì. Bí a bá sì parí ìsìn, ọ̀kan yóò máa tún aṣọ rẹ̀ ṣe títí èkejì yóò fi bọ́ sí ojú ọ̀nà, kí òun tó jáde. Àwọn ìyàwó mọ̀, àwọn ọmọ mọ̀, gbogbo ìlú mọ̀, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò tún ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́.

Bí a bá tọ ẹ̀gbọ́n lọ láti bẹ̀ ẹ́, ìdáhùn kan náà ni a ó gbọ́: “Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ayé. Kí ó wá dọ̀bálẹ̀, n óò sì gbọ́ ohun tí ó ní í sọ.” Bí a bá tọ àbúrò lọ, òun náà yóò ní: “Èmi ti dọ̀bálẹ̀ nígbà kan rí, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí mi.” Àwọn tí ń làjà yóò wá máa rọ àbúrò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa: ẹni tí ó kéré ni í bẹ̀bẹ̀. Àṣà rere ni, èmi kò sì sọ pé kí a pa á rẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n níti àwọn arúgbó, mo rò pé ó yẹ kí a yí i padà. Bí ìjà bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí irun àwọn méjèèjì fi funfun, ẹ̀gbọ́n ni kí ó kọ́kọ́ dìde kí ó lọ sí ilé àbúrò rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn kan nínú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún tí ó ní ọmọ-ọmọ, bí ó bá lọ dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí a sì lé e padà, níwájú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni a ti dójú tì í. Ẹ̀rù ìtìjú yìí ni kì í jẹ́ kí ó lọ, kì í ṣe ìgbéraga ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀gbọ́n yóò sọnù? Kò sí ẹni tí yóò ní kí ó dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Bí ó bá dé ibẹ̀, tí a gbé ìjókòó fún un, ó di àlejò pàtàkì. Bí a bá sì lé e, àbúrò ni ìlú yóò bá wí. Ẹni tí ọ̀nà rọrùn fún jù ni ó yẹ kí ó rìn ín.

Ohun kan sì tún wà tí ẹ̀gbọ́n nìkan ṣoṣo lè ṣe. Bí ènìyàn bá ti dàgbà, a kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá Lágbájá ni, tàbí Ìyá Lágbájá. Nínú ìjọ ó di Bàbá Ìjọ. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ ju Bàbá Àgbà lọ. Bí àwọn òbí rẹ̀ ti kú, ta ni ó kù ní ayé tí ó lè la ẹnu pe oríkì rẹ̀ bí a ti ń pè é nígbà tí ó wà ní kékeré? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Mo ti rí àgbàlagbà tí omi bọ́ ní ojú rẹ̀ nítorí oríkì kan ṣoṣo tí a pè, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ ìjọ ti kọjá ní etí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì mì.

Níti ìdí tí irú ìjà yìí fi pọ̀ láàárín àwa àgbẹ̀, mo rò pé ó yẹ kí a wo igi kòkó dáadáa. Ní àkókò tí ó jẹ́ pé iṣu àti àgbàdo ni àwọn bàbá wa ń gbìn jù lọ, ilẹ̀ a máa sinmi. Ẹni tí ó dá oko sí apá ọ̀tún ní ọdún yìí lè dá a sí apá òsì ní ọdún mẹ́ta òní; ilẹ̀ a sì padà sí ọwọ́ ẹbí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí kòkó ti gba ilẹ̀ Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Oǹdó, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Igi kòkó a máa so fún ọgbọ̀n ọdún, fún ogójì ọdún, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó gbìn ín ti so ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ náà títí di ọjọ́ ogbó, ìjà tí ó bá sì bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ a máa pẹ́ bí igi náà ti pẹ́.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ pínpín ogún kún un. Ọ̀nà méjì ni àwa Yorùbá mọ̀: ìdí-igi, èyí tí a ń pín gẹ́gẹ́ bí iye àwọn ìyá, àti orí-ò-jorí, èyí tí a ń pín gẹ́gẹ́ bí iye àwọn ọmọ. Bí bàbá kan bá fi ìyàwó méjì sílẹ̀, tí ọ̀kan bí ọmọ kan, tí èkejì bí ọmọ márùn-ún, nípa ìdí-igi ọmọ kan náà yóò gba ìdajì, àwọn márùn-ún yóò sì pín ìdajì tí ó kù. Nípa orí-ò-jorí, olúkúlùkù yóò gba ìdá kan nínú mẹ́fà. Ẹ kò rí i bí ìjà ti rọrùn tó? Ẹjọ́ ìdílé kan ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Nàìjíríà ní 1958, kò sì parí títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Wọ́n dá a pé ìdí-igi ni àṣà, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ kò bá fohùn ṣọ̀kan, olórí ẹbí lè ní kí a pín in ní orí-ò-jorí. Ìdájọ́ náà dára, ó sì ti tọ́ ọ̀pọ̀ adájọ́ sọ́nà láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n adájọ́ lè pín ilẹ̀, kò lè pín oúnjẹ alẹ́ fún ọmọ ìyá méjì kí wọ́n jẹ ẹ́ pọ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣe ọ̀rẹ́.

Èyí tún jẹ́ ìdí kan tí mo fi ń kọjú sí ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí a ń pè ní Dáwódù, kì í ṣe olówó ilẹ̀ ẹbí. Olùtọ́jú rẹ̀ ni fún gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀pọ̀ ìjà tí mo ti gbọ́ kì bá tí bẹ̀rẹ̀ bí Dáwódù bá ti ṣe ìṣirò owó kòkó níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí iṣẹ́ ìtọ́jú wà ní ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ àtúnṣe wà ní ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ọkùnrin nìkan ni mo ń bá wí. Ìjà àwọn obìnrin kì í sábà jẹ́ ti ilẹ̀. Ti ìtọ́jú ìyá ni. Ọ̀kan dúró sí ilé, ó ń wẹ ìyá, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń jí ní òru nígbà tí ìyá bá ń kérora. Èkejì wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fi owó ránṣẹ́ ní oṣooṣù, nígbà mìíràn láti inú owó tí òun fúnra rẹ̀ nílò. Nígbà tí ìyá kú, ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ sọ pé òun ni ó bọ́ ọ. Ẹni tí ó wẹ̀ ẹ́ sọ pé òun ni ó gbé e ní ẹ̀yìn. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Lẹ́yìn èyí a ṣí àpótí aṣọ, a rí i pé àrán kan kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dé. Èmi ka irú ìjà yìí sí èyí tí ó burú ju ti ilẹ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ ṣeé fi okùn wọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí okùn tí a lè fi wọn oorun tí ẹnìkan kò sùn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n obìnrin, bí ẹ bá lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò yín, ẹ má ṣe mẹ́nu kan aṣọ. Ẹ dúpẹ́ ohun tí ó ṣe fún ìyá yín, kí ẹ sì dákẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé, “Kí ni a ń sá fún? Ọjọ́ ṣì wà.” Ọjọ́ kò sí bí ẹ ti rò. Àìsàn ìgbàgbé ń bẹ tí ó máa ń bá àwọn arúgbó jà. Ó wọ́pọ̀ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó kọ́kọ́ ń gbàgbé, nígbà tí ó bá sì yá, a kò ní dá ojú ọmọ inú ilé mọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá dúró títí di ìgbà náà, yóò bẹ àbúrò rẹ̀, àbúrò yóò sì máa wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀. Kò sí ìjà mọ́, kò sì sí ìrẹ́pọ̀.

Àwọn oníṣègùn sì ń sọ fún wa pé nígbà tí ènìyàn bá ń bínú, ẹ̀jẹ̀ a máa ru sókè ní àkókò náà, èyí tí kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀. Ní 2023 Àjọ Ìlera Àgbáyé yan ìgbìmọ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà, nítorí wọ́n rí i pé àìní ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀ ń ba ìlera ara jẹ́, pàápàá ti àwọn àgbà. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nù ní ọjọ́ tí ó bá bá àbúrò rẹ̀ rẹ́. Kí ó máa lo oògùn rẹ̀ bí a ti ní kí ó lò ó.)

Fún àgbẹ̀, ohun mìíràn tún wà. Ta ni ó mọ ààlà oko bàbá yín? Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí ìwé. Pèrègún ni bàbá gbìn sí ìpẹ̀kun oko, odò kékeré kan sì ni ààlà ní apá kejì. Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí a ń gbìn ín kò ju ọmọdékùnrin méjì lọ, àwọn méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lónìí. Bí wọ́n bá kú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, olúkúlùkù yóò ti sọ ìdajì ìtàn fún àwọn ọmọ tirẹ̀, ìdajì méjèèjì kì yóò sì bá ara mu. Àwọn ọmọ tí wọn kò mọ ìdí ìjà ni yóò máa san owó agbẹjọ́rò.

Mo mọ ọkùnrin méjì kan, ọmọ ìyá kan náà, ní abúlé kan tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé rí. Ìjà wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ní ọdún tí ìjọba fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Àbúrò ta àpò kòkó mẹ́ta láti inú oko bàbá wọn láìsọ fún ẹ̀gbọ́n, ó sì fi owó náà san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pè é ní olè ní gbangba ọjà. Láti ìgbà náà ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti owó mọ́. Orúkọ tí a sọ ọ́ yẹn ni kò lè gbé mì. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí olúkúlùkù fi ń gba ọ̀nà oko tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn àgbà ìjọ pè wọ́n jókòó, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni a sì ní kí wọ́n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ròyìn dé ibi ọ̀rọ̀ ọjà yẹn, àbúrò yóò mú fìlà rẹ̀, yóò sì dìde. Èmi rò pé àṣìṣe àwọn onílàjà ni èyí: wọ́n rò pé ọgbẹ́ kì í jinná bí a kò bá ṣí i wò.

Nígbà tí ó yá, ojú ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àwọn ará oko kejì sì ń sún mọ́ ààlà, òun kò sì rí pèrègún mọ́, nítorí igbó ti bò ó. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kan, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú òun lọ sí ilé àbúrò òun. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó pe oríkì rẹ̀ bí ìyá wọn ti í pè é, ó ní, “Ojú mi ti ń ṣú. Mo wá kí o wá fi pèrègún bàbá wa hàn mí.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò dákẹ́ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n mú àdá.” Wọ́n rí mẹ́ta nínú mẹ́rin; ti ẹ̀kẹrin ti kú, ṣùgbọ́n àbúrò mọ kùkùté igi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà ìkórè ọdún náà ni ẹ̀gbọ́n sọ níwájú àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ ní ọjà kò yẹ kí ó ti ẹnu òun jáde. Kò sí ẹni tí ó bi í. Mo gbọ́ pé wọ́n tún ṣe asọ̀ lórí iye oògùn kòkó ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n asọ̀ àwọn tí ń jẹun pọ̀ ni.

Ohun tí ó wù mí nínú ọ̀nà tí ọkùnrin yìí gbà ni pé kò mú ẹ̀bẹ̀ lọ, kò sì mú ẹjọ́ lọ. Ó lọ béèrè ohun tí àbúrò rẹ̀ nìkan lè ṣe. Bí ẹ̀yin kò bá mọ ohun tí ẹ ó sọ, ẹ béèrè nǹkan: ibi tí sàréè ìyá yín wà gan-an, orúkọ àbúrò ìyá yín tí ó lọ sí Gold Coast tí kò padà, bí bàbá yín ti ń po oògùn ikọ́. Bí àbúrò bá wà ní òkèèrè, kí ẹ fi ohùn ara yín bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ má ṣe rán ọmọ.

Bí a bá sì wo inú Jẹ́nẹ́sísì, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Jákọ́bù ń padà bọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, ó wólẹ̀ lẹ́ẹ̀méje bí ó ti ń sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀; ṣùgbọ́n ta ni ó sáré? Ísáù ni, ẹ̀gbọ́n, ẹni tí a rẹ́ jẹ. Íṣímáẹ́lì tí a lé jáde nílé wá bá Ísáákì sin bàbá wọn. Bí a bá ṣírò ọdún wọn, ọ̀kan jẹ́ ẹni ọdún 89, èkejì ẹni ọdún 75.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé Jákọ́bù kò bá Ísáù lọ sí Séírì láti máa gbé. Súkótù ni ó lọ, ó sì kọ́ ilé tirẹ̀ síbẹ̀. Èmi kò sọ pé kí ẹni tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọ̀mùtí tí ń lu ènìyàn kó àpótí owó rẹ̀ fún un, tàbí kí obìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe é ní ibi nígbà èwe lọ sùn ní ilé rẹ̀. Nínú irú ìwà ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó hù ú ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, yálà ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹni tí ó jìyà sì ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ìjà tí mo ń sọ ni èyí tí ó wọ́pọ̀, ti ilẹ̀, ti owó, ti aṣọ, ti ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bí ẹ bá ti rẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọdún náà kọjá láìṣe iṣẹ́ kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí igbó gbẹ tí ojú sì ríran jìnnà, kí àwọn méjèèjì kó ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin láti ìhà méjèèjì, kí wọ́n rìn yí oko ká. Kí a pe àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà, kí wọ́n fi ojú rí i. Kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀ ní èdè wa: odò, kùkùté, àpáta, iye pèrègún. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí a kọ, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan fún àbúrò, ọ̀kan fún olórí ẹbí. Bí owó bá wà, kí a mú awọnlẹ̀ wá lẹ́yìn èyí, kì í ṣe ṣáájú. Níti àwọn pèrègún tí ó ti kú, kí a gé ẹ̀ka tí ó gùn tó apá ènìyàn láti ara àwọn tí ó kù, kí a fi wọ́n sí ibi òjìji fún ọjọ́ mélòó kan, kí a sì gún wọn sínú ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.